Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Òkè

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọ̀dà ọ̀hún ti ń wú,
ó ń là bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ lọ́yẹ́.
Bí a bá jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí a bá dìde,
a ó ru díẹ̀ nínú ilé baba wa lọ nídìí ṣòkòtò.

Ẹ̀gbọ́n mi Múfútàù ló máa ń kùn ún.
Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, yóò gbé agolo dé:
àwọ̀ ewé lọ́dún kan, àwọ̀ eérú lọ́dún mìíràn,
ṣokoléètì lọ́dún tó fẹ́ ìyàwó.
Kò fá èyí tó wà nílẹ̀ rí.
"Ta ni yóò wo abẹ́?" ló máa ń wí.

Òjò wo abẹ́.
Òjò gba ojú ìṣó wọlé, kò rọ́nà jáde,
ó sùn sínú pákó bí àlejò tí a ti ilẹ̀kùn mọ́.

Oṣù karùn-ún rèé tí a sin Múfútàù.
Mo ra irin ìfá méjì lọ́jà Ìgbọ̀nà,
mo ra búrọ́ọ̀ṣì onírin,
mo pe Jímọ̀ káfíńtà láti ẹ̀yìn ojú irin.
Ó fi ìka kan ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tẹ́tí.
"Ìrókò ni. Kò kú.
Ẹ̀wù ló jẹrà sí i lọ́rùn."

A kúnlẹ̀, à ń fá.
Ṣokoléètì ká bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀,
eérú tẹ̀lé e,
ṣùgbọ́n ewé ṣagídí, ewé lẹ̀ mọ́ pákó bí gbèsè.
A fi aṣọ dí imú. Orúnkún mi ń pè mí lórúkọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kejì, nínú àwọ̀ eérú,
mo bá ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ mẹ́rin
àti ojú àtàǹpàkò èèyàn kan tó lé e.
Mo rántí! Ewúrẹ́ Ìyá Sàríyù tó gun àtẹ̀gùn wá,
Múfútàù ń fi agolo lé e, ọ̀dà nírùngbọ̀n rẹ̀,
Baba ń rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
Irin dúró lọ́wọ́ mi.
Jímọ̀ kọjú sí ojú irin, ó ń súfèé.

Mo fá a.

Lọ́jọ́ kẹta igi yọjú, ó hewú bí arúgbó.
A fọ̀ ọ́. Mo ní ká kùn ún.
Jímọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ mu omi inú rẹ̀ ná."
Ọjọ́ márùn-ún. À ń kán omi sí i wò:
bó bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, kò tíì yá;
bó bá wọlé, pákó ti ṣe tán àtigbà.

Màmá wa, tó fi ogójì ọdún rẹ aṣọ láró,
tí èékánná rẹ̀ ṣì dúdú títí dòní,
dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo abọ́ tí mò ń rò.
"Ṣé ọ̀dà tún ni?"
"Rárá, Màmá. Sténì ni. Òróró ni wọ́n fi pò ó."
Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi ra pákó,
ó ń wò ó bó ti ń rì, bó ti ń rì.
"Aró ni," ló wí.
"Ìyẹn kì í bó. Ṣíṣá ló ń ṣá."
Ó wọlé. Ó tún yọrí:
"O ò tíì fá ìdí àga yẹn."

Àkísà la fi ra á, à ń tọ ojú igi,
èyí tí igi ò gbà, a nù ún kúrò.
Jímọ̀ sá àwọn àkísà sí gbangba lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ní bí a bá dì wọ́n jọ, wọn a máa gbiná fúnra wọn.
Ìrókò náà pọ́n díẹ̀díẹ̀,
bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Nígbà tó gbẹ, mo lọ jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Mo dìde, mo gbọn ìdí ṣòkòtò mi.
Kò sí nǹkan.
Mo tún un gbọ̀n.